Ẹ̀wà Méjì, Orúkọ Kan: Ṣé Ìyá Kan Náà Ló Bí Wọn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú déédéé ìwòyí. Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo kó wọn pọ̀ síbí kan, torí ìdáhùn ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìkejì. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ẹlú àti aró, ẹ fi sùúrù dúró dè mí di oṣù tó ń bọ̀. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò irúgbìn ni mo fi jẹun ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ fara dà á fún mi.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀wà ni mo ń tà ní Ọjà-Ọba. Mo ra àpò olóyin méjì lára ọkọ̀ kan náà tó ti òkè ọya dé. Èyí àkọ́kọ́ tètè rọ̀, ó sì dùn. Èkejì, igi jó tán lábẹ́ rẹ̀, kò rọ̀. Àwọn oníbàárà mi ní mo da ẹ̀wà míì mọ́ ọn. Ọmọ mi ní àyẹ̀wò DNA lè sọ bóyá ẹ̀wà kan ni tàbí méjì. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ẹlẹ́wà, Ọjà-Ọba)

Ìdáhùn: Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá. Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ẹ má tíì náwó sí DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí ohun ẹlẹ́mìí kọ̀ọ̀kan jogún. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àpò kejì ti sùn kó tó gun ọkọ̀. Ẹ̀wà tó bá pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù tó gbóná, tí ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀, ó máa ń le. Èèpo rẹ̀ àti inú hóró rẹ̀ á ti yí padà, omi gbígbóná kì í sì í tètè ráyè wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí tó rọ̀. DNA rẹ̀ kò yí padà rárá. Bí ẹ bá gbé e dé yàrá àyẹ̀wò, wọn á sọ fún yín pé ẹ̀wà kan náà ni, ìgbà yẹn lẹ ó wá rò pé àwọn ni kò mọ iṣẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti orí ìjókòó yín nìyí. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan sórí atẹ funfun, nínú oòrùn. Ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ wo ojú hóró náà, ibi tó fi so mọ́ inú èèpo nígbà tó wà lóko: ṣé àyíká rẹ̀ dúdú, ṣé ó pọ́n rúsúrúsú, àbí kò lámì kankan? Ẹ fi àtàǹpàkò pa ara rẹ̀: ṣé ó ń dán ni, àbí ó hunjọ? Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yá òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà fi wọ̀n wọ́n. Bí nǹkan wọ̀nyí bá yàtọ̀ gedegbe, ẹ̀wà méjì lẹ rà, ẹni tó tà á fún yín ló dà á pọ̀.

Bí wọ́n bá sì jọra, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Jíìnì, ìyẹn ẹyọ ìtọ́sọ́nà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú DNA, díẹ̀ nínú wọn ló ń darí àwọ̀ ẹ̀wà àti àmì ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ jíìnì tó wà nínú ẹ̀wà tiwa yìí súnmọ́ 30,000. Ẹ̀wà méjì lè jọ ara wọn lójú kí wọ́n má bára tan níbòmíràn rárá. Adùn lọjà wò tó fi ń pe ẹ̀wà ní olóyin, ọjà kò wo ìran rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní Bọ̀rnó àti òmíràn ní ìpínlẹ̀ Niger lè gbin irúgbìn tí kò mọ ara wọn rí, kí méjèèjì sì di olóyin kí wọ́n tó dé Òṣogbo. Ibí yìí ni DNA ti wúlò, mo sì ti fi àlàyé rẹ̀ sínú ìdáhùn tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Mọ̀mí, ẹ káàsán mà. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, Òkè-Baálẹ̀ nilé wa. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní kí n ṣe é lórí wíwọn ìyàtọ̀ àbùdá láàárín oríṣi ẹ̀wà gbígbẹ pẹ̀lú àmì DNA. Mo ti kàwé títí orí ń fọ́ mi: RAPD, SSR, SNP, ìṣirò lóríṣiríṣi. Ẹ̀wà Mexico àti ti Kòlóńbíà ni gbogbo wọn ń sọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kọ́kọ́ mọ ẹ̀wà tí wọ́n ń sọ. Èyí tí ìwé òyìnbó ń pè ní dry bean, Phaseolus vulgaris ni: ẹ̀wà pupa ńlá inú agolo, àti funfun kéékèèké tí wọ́n ń sè sínú ọbẹ̀ tòmátò kí wọ́n tó dé e mọ́ agolo. Ẹ̀wà tí ìyá rẹ fi ń ṣe gbẹ̀gìrì, Vigna unguiculata ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn méjèèjì ní kùrómósómù 22, ìyẹn okùn tí DNA dì sí, méjì-méjì lọ́nà mọ́kànlá; ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba àtọ̀ ara rẹ̀ nínú òdòdó kan náà, àmọ́ ẹ̀yà (genus) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìtàn Phaseolus dára fún ọ láti mọ̀, torí òun ló fi ohun tí àmì DNA lè ṣe hàn kedere. Ìgbẹ́ ni ẹ̀wà náà ti ń hù fúnra rẹ̀, láti Mexico dé Argentina. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn àgbẹ̀ àtijọ́ sọ ọ́ di ohun oko, ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn: lẹ́ẹ̀kan ní Mexico àti agbègbè rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Hóró ti àwọn òkè yẹn máa ń tóbi, ti Mexico máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ yẹ purotéènì inú hóró wò, èyí tí wọ́n ń pè ní phaseolin, wọ́n sì rí i pé irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà Mexico yàtọ̀ sí ti Andes. Nígbà tí àmì DNA dé, ohun kan náà ló tún sọ. Ní 2014 ni wọ́n ka odindi DNA ẹ̀wà yẹn jáde.

Ti ẹ̀wà tiwa jáde ní 2019. Ẹ̀wà tí wọ́n sì kà fún gbogbo ayé, IT97K-499-35 lorúkọ rẹ̀, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti bí i, àwọn àgbẹ̀ ní òkè ọya sì ń gbìn ín lórúkọ SAMPEA 10. Láti Amẹ́ríkà dé Ṣáínà, ẹni tó bá ń wá jíìnì kan nínú ẹ̀wà wa, ara ọmọ Ìbàdàn yìí ló ti ń wò ó. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá gbà, ẹ̀wà tiwa ni kó o mú. Ibi tí o ti ń gbọ́ èdè àwọn tó ń gbìn ín ni iṣẹ́ rẹ ti máa wúlò jù.

Ní ti irúgbìn, lọ sí Ìkìrun, Ẹdẹ, Ìrágbìjí, Ìbòkun. Bá àwọn ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀wà náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, má ṣe tún un ṣe. Béèrè ìwọ̀nba tí o lè fi wé e lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ irúgbìn IITA, wọ́n ní oríṣi ẹ̀wà yìí tó lé ní 15,000 níbẹ̀, kò sí ibi tó tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Má sì mú igi kan péré ṣojú fún irúgbìn ìbílẹ̀. Irúgbìn tó ti ń bọ̀ láti ọwọ́ ìyá sí ọmọ kì í jẹ́ ẹyọ kan, àdàlù ni. Mú igi bíi mẹ́wàá, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ewé ọ̀dọ́ ni kó o já, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú. Ewé tó ti gbó kún fún èròjà tí yóò sọ omi rẹ di pípọ́n, tí yóò sì ba iṣẹ́ jẹ́. Lọ̀ ọ́ kúnná nínú omi tí wọ́n ń pè ní CTAB, gbé e sínú omi gbígbóná tó wà ní 65°C fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Da chloroform sí i, rọra mì ín, jẹ́ kí ẹ̀rọ yí i bírí. Omi náà á pín: ewéko àti ìdọ̀tí á lọ sísàlẹ̀, omi mímọ́ á wà lókè, inú ti òkè yẹn ni DNA wà. Rọra fà á sínú ìgò kékeré mìíràn, da isopropanol tútù lé e, kó o sì máa dorí ìgò náà kodò díẹ̀díẹ̀. Fọwọ́ ẹ̀lẹ̀ mú un. Láàárín omi tí kò ní nǹkan kan nínú tẹ́lẹ̀, wàá rí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò máa so mọ́ ara wọn. DNA nìyẹn, o fi ojú ara rẹ rí i. N kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i lẹ́ẹ̀kíní tí kò pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó. Fi ethanol fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o sì pa á mọ́ sínú òtútù.

Wàyí o, kí ni àmì? Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni wọ́n fi ń kọ DNA. Nínú ti ẹ̀wà, àwọn ibì kan wà tí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ti ń tún ara wọn pè: GAGAGAGA. Ẹ̀wà kan lè pè é lẹ́ẹ̀mejìlá níbẹ̀, kí òmíràn pè é lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. SSR nìyẹn. Lẹ́tà méjìlá ló wà láàárín wọn, ìyàtọ̀ yẹn la sì ń wọ̀n. Práímà méjì, tí wọ́n jẹ́ DNA kúkúrú, á lẹ̀ mọ́ ọ̀tún àti òsì ibi náà. Ẹ̀rọ PCR, tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, á gbóná dé 94°C kí okùn DNA méjèèjì tú ara wọn sílẹ̀, á tutù dé bíi 55°C kí práímà lè lẹ̀ mọ́ ọn, á tún lọ sí 72°C kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ẹ̀dà yẹn, inú kòkòrò àìrí kan tó ń gbé nínú omi gbígbóná tó ń ru jáde láti inú ilẹ̀ ní Yellowstone, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ìdí nìyẹn tí ooru ẹ̀rọ náà kò fi pa á. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ̀kan di méjì. Bó o bá yí i lọ́gbọ̀n ìgbà, DNA kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan. Torí náà ṣètò iná kó o tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn oníná bá mú un lọ ní ìyípo ogún, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wá ibi tí ínfátà wà, kó o má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí ẹnìkan ní láti sáré lọ tàn.

Lẹ́yìn èyí, da ohun tó o rí sínú jẹ́ẹ̀lì, kó o sì gbé iná mọ̀nàmọ́ná sí i. DNA á máa rìn lọ sí apá tó jẹ́ pọ́sítífù, èyí tó kúrú á ṣíwájú èyí tó gùn. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dúró sí, á yọ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Jẹ́ẹ̀lì agarose lásán lè má fi ìyàtọ̀ lẹ́tà méjìlá hàn ọ́ dáadáa. Lo polyacrylamide, tàbí agarose tó ki gan-an. Ẹ̀wà tó bá gbé ìlà kan náà níbi kan náà jọra níbẹ̀. Ibi kan kò tó fún ẹ̀rí o. Wá ogún àmì, ó kéré tán, kí wọ́n sì tàn ká kùrómósómù mọ́kànlá.

O béèrè èyí tó dára jù. RAPD, tó ń lo práímà kúkúrú tí a kò yàn fún ibì kan pàtó, ti wà láti 1990, owó rẹ̀ kò wọ́n, àmọ́ ìlà tó yọ fún ọ lónìí lè má yọ lọ́la, ó sì lè má yọ rárá nínú yàrá àyẹ̀wò ẹlòmíràn. N kò fẹ́ ẹ fún ọ. SNP, lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà síbìkan, ni ayé ń lò báyìí: wọ́n ti ṣe pátákó kékeré kan fún ẹ̀wà tiwa tó ń ka ibi tó lé ní 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀gá rẹ bá ní owó ìwádìí, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Bí owó bá jẹ́ tìrẹ, SSR ni kó o ṣe.

Ìṣirò tó ń dẹ́rù bà ọ́ kò le. Masatoshi Nei, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló gbé èyí tí a ń lò jù jáde ní 1973. Ká ní ẹ̀wà ogún lo yẹ̀ wò. Níbi kan, mẹ́wàá gbé ìlà gígùn, mẹ́wàá gbé kúkúrú. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.5. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 0.25 ni, so méjèèjì pọ̀, ó di 0.5, yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó o bá di ojú tó o sì fa méjì yọ, ìdajì ìgbà ni wọ́n máa yàtọ̀. Ká wá ní méjìdínlógún gbé gígùn, méjì péré ló gbé kúkúrú: 0.81 àti 0.01, ó ku 0.18. Oríṣi méjì ló ṣì wà níbẹ̀ o, àmọ́ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èkejì mì. Bí oríṣi mẹ́rin bá wà, tí márùn-ún márùn-ún gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà á di 0.75. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àmì, so èsì wọn pọ̀, kó o sì fi iye àmì pín in.

Láti mọ bí ẹ̀wà méjì ṣe bára tan tó, ka ìlà tí àwọn méjèèjì jọ ní, kó o pín in pẹ̀lú gbogbo ìlà tó yọ lára ọ̀kan tàbí èkejì. Bí ọ̀kan bá ní ìlà 12, tí èkejì ní 10, tí wọ́n jọ ní 8, ìlà 14 ló wà lápapọ̀. 8 nínú 14 jẹ́ 0.57. Kọ̀ǹpútà á fi irú nọ́ńbà wọ̀nyí ya igi ìbátan fún ọ.

Ṣọ́ra fún igi yẹn. Nọ́ńbà yòówù kó o fún kọ̀ǹpútà, igi ni yóò yà, àní bó o bá tilẹ̀ gbé nọ́ńbà láti ojú sánmà. Ní kó tún àmì rẹ ṣà léraléra kó sì tún igi náà yà, bootstrap ni wọ́n ń pè é, kó o lè mọ ẹ̀ka tó dúró gbọn-in àti èyí tó ń mì. Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá tó fi ẹ̀ka tó ń mì sọ ìtàn gígùn nípa ìran ẹ̀wà, ó máa ń dùn mí. Bó o bá sì rí ìlà méjì lára igi ẹ̀wà kan níbi kan, dúró kó o wò ó. Ẹ̀wà tó ń gba àtọ̀ ara rẹ̀ kì í sábà ní méjì. Kòkòrò ti lè gbé àtọ̀ wá láti ara ẹ̀wà mìíràn, tàbí kí ewé igi méjì ti bọ́ sínú ìgò kan lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tó kẹ́yìn, kó o kọ ọ́ sínú ìwé rẹ gbàgà: àmì wọ̀nyí kò sọ èyí tó dùn, kò sì sọ èyí tí ọ̀dá kò lè pa. Bí ilà ojú ni wọ́n rí, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lè sọ ilé tí èèyàn ti wá, kò lè sọ bóyá ó mọ iṣẹ́ ṣe. A ń wọn ìyàtọ̀ àbùdá ká lè mọ ibi tí ìṣúra pọ̀ sí, lẹ́yìn náà la óò wá lọ sóko láti wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe wá ẹ̀wà tí kòkòrò inú hóró kò lè tètè jẹ, wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1970 sí 1980 kí wọ́n tó kan TVu 2027. Báyìí náà ni B301, ẹ̀wà ìbílẹ̀ láti Botswana, ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wá, torí pé ó lágbára lórí koríko Striga tó ń fa omi ara ẹ̀wà mu ní òkè ọya. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ á ti wá.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àyẹ̀wò DNA yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wà tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà? Àdúgbò wa ń pariwo pé ká má jẹ ẹ́. (Òǹkàwé kan, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Rárá. Kíkà ni àyẹ̀wò yìí, kò sí ohun tí wọ́n fi kún ẹ̀wà. Ewé tí wọ́n já ni wọ́n lọ̀, hóró yín wà bó ṣe wà. Ẹ̀wà tí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀, SAMPEA 20-T ni, ìjọba fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní 2019. Wọ́n fi jíìnì kan láti inú kòkòrò àìrí tó ń gbé nínú ilẹ̀ sínú rẹ̀ kí kòkòrò Maruca, tó ń lu èèpo ẹ̀wà lóko, má lè jẹ ẹ́. Ẹ lè fọwọ́ sí i, ẹ lè lòdì sí i, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má kàn jẹ́ kó ṣèdíwọ́ fún ọmọ tó wá bẹ̀ yín fún ewé ẹ̀wà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọ̀nà Ìkìrun loko wa wà. Àwọn ọmọ kan wá láti yunifásítì, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ẹ̀wà tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún wa, hóró kéékèèké tó pọ́n, pé àwọn fẹ́ yẹ DNA rẹ̀ wò. N kò tíì fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnìkan má lọ sọ ọ́ di tirẹ̀ lókè òkun. (Bàbá Àgbẹ̀, ọ̀nà Ìkìrun)

Ìdáhùn: Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1994, oníṣòwò irúgbìn kan láti Kọlorádò ní Amẹ́ríkà ra àpò ẹ̀wà kan ní Mexico. Àwọn hóró aláwọ̀ yẹ́lò wà nínú rẹ̀. Ó gbìn wọ́n, ó ń ṣa èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wù ú, ó tún ń gbìn ín. Nígbà tó di 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé pé òun ló ni ẹ̀wà náà, ó sọ ọ́ ní Enola. Ló bá ní ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ẹ̀wà yẹ́lò láti Mexico wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ san owó fún òun, sẹ́ǹtì mẹ́fà lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò, Bàbá. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ń jẹ ẹ̀wà yẹ́lò kí ọkùnrin náà tó mọ̀ pé ó wà, wọ́n di ẹni tó ń sanwó orí oúnjẹ ara wọn.

CIAT, ilé ìwádìí tó wà nítòsí Cali ní Kòlóńbíà, tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà ní ìpamọ́, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2000. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì California ní Davis gbé Enola sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀wà mìíràn, wọ́n sì fi àmì DNA wọn ìbátan wọn. Kí ni wọ́n rí? Àmì Enola kò yàtọ̀ sí ti Azufrado Peruano 87, ẹ̀wà tí àwọn ará Mexico ti ní tipẹ́. Síbẹ̀ ẹjọ́ náà falẹ̀. Ní 2008 ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí kíkọ̀ náà ní 2009. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn tó gba ìwé!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ẹjọ́ yẹn. DNA nìkan kọ́ ló jà á. Ohun tó ran àwọn ará Mexico lọ́wọ́ ni pé ẹ̀wà wọn ti wà nínú ìwé, ó ti wà nínú ilé ìpamọ́, ó lórúkọ, ó ní ibi tó ti wá, kí ọkùnrin yẹn tó dé. Ẹ̀wà tí kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan, tó jẹ́ pé inú àká kan ṣoṣo ló wà, ta ni yóò jẹ́rìí fún un? Òfin ilẹ̀ wa lórí irúgbìn tuntun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021, sọ pé ohun tí ẹnìkan bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí aráyé ti mọ̀. Aráyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ fún wọn, kí ẹ sì fún wọn bí àgbà. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó, ẹ má fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín: orúkọ yín, orúkọ abúlé, orúkọ tí ìyá yín ń pe ẹ̀wà náà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, orúkọ ẹni tó gbà á àti ibi tó ti wá. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwádìí nìkan ni wọ́n gbà á fún. Ẹ ní kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ sí NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ilé ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ yìí. Kí wọ́n sì ṣèlérí pé wọn á padà wá sọ èsì rẹ̀ fún yín lẹ́nu, ní Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀ láti ṣe èyí, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá èmi gan-an ju olè lọ. Ẹ̀wà òkè ọya ló kún Ọjà-Ọba báyìí, ó sì dára, n kò bú u. Àmọ́ irú ẹ̀wà tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn, àwọn tó ń gbìn ín ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn ń gbé ìlú. Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, tí kòkòrò sì wọ inú ìgbá, ó tán nìyẹn. Kò sí ìwé ẹjọ́ kankan tó lè gbà á padà.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ káalẹ́ mà. Ìyá ìyá mi ṣaláìsí ní abúlé, a rí ìgò ẹ̀wà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Irúgbìn ni, kì í ṣe ti jíjẹ. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́ títí òjò àrọ̀kúrò? (Tíṣà kan, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yin náà ẹ ò ní pàdánù mọ́. Ẹ dà á sórí aṣọ mímọ́ kí ẹ ṣà á. Èyí tó bá ti lu ihò, ẹ yọ ọ́. Ẹ má rò pé ìyókù mọ́ o, kòkòrò ń yé ẹyin sára hóró, ọmọ rẹ̀ á sì máa gbé inú rẹ̀ kí ẹ tó rí ihò. Ẹ sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, títí tí hóró kan á fi fọ́ ká! tí ẹ bá fi eyín gé e. Bí eyín bá kàn tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìgò tó gbẹ tó ní ìdérí líle, èyí tí ẹ̀wà náà máa kún dé ọrùn rẹ̀. Bí àyè bá kù lókè, afẹ́fẹ́ tí kòkòrò máa fi mí wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọn á kú sínú rẹ̀. Ẹ má fi oògùn kòkòrò sí i, ọmọdé lè ṣèèṣì sè é.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ Màmá, orúkọ abúlé àti ọdún yìí sórí bébà, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà pẹ̀lú ẹ̀wà, torí èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ìta máa ń já. Bó bá di ìparí oṣù kẹjọ tí òjò àrọ̀kúrò ti múlẹ̀, ẹ gbin ìdajì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀ nínú ìgò bí òjò bá ṣe ségesège. Nígbà tí ewé àkọ́kọ́ bá ń ṣí ojú, ẹ kọ̀wé sí mi, màá fi yín mọ ọmọ Òkè-Baálẹ̀ tó kọ lẹ́tà lókè yìí.